Ìhòòhò Àwọn Ẹlòmíràn àti Balùwẹ̀ Tiwa

   

Ọ̀rọ̀ ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọ̀ wa, tí ó ń kàwé ní orílẹ̀-èdè Jámánì, wá kí wa nígbà tí ó wálé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ní kí ó ròyìn ìlú òyìnbó fún àwọn. Ó sọ ti òtútù, ó sọ ti oúnjẹ, ó sọ bí òun ṣe ń wá ibi tí òun yóò ti kírun. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, òun gba ẹ̀bá adágún odò kan kọjá, òun sì bá àwọn ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n nà gbalaja sórí koríko láìsí aṣọ lára. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ arúgbó tí irun orí wọn ti funfun. Wọ́n ń ka ìwé, wọ́n ń jẹun. Kò sí ẹni tí ó ń wo ẹnì kejì. Ó ní òun nìkan ni òun ń sáré bojú.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan ní, “Ẹranko ni wọ́n.” Òmíràn tí ó ti gbọ́n díẹ̀ ní, “Rárá o, ọ̀làjú ni, àwa ni ojú wa kò tíì là.” Ọmọ kékeré kan tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ni ó wá bi wá léèrè pé, “Ẹ̀yin áfáà, ṣé àwọn ènìyàn yẹn kò ní ìtìjú rárá ni?”

A kò rí èsì gidi fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí a sì ń fi ìwé yìí dá a lóhùn. Èrò wa ni pé ọmọ tí ó ní ẹranko ni wọ́n ṣìnà, èyí tí ó ní ọ̀làjú ni náà ṣìnà. Kò sí ìlú tí kò ní èèwọ̀, kò sì sí ẹ̀yà ènìyàn tí kò ní ìtìjú. Ibi tí oníkálukú fi ààlà sí ni kò dọ́gba. Àwa tí Ọlọ́hun bá fi ààlà tiwa sílẹ̀ ni ó yẹ kí á bi ara wa bóyá a ń pa á mọ́.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ JÁMÁNÌ ÀTI FÍNLÁNDÌ

Ohun tí ọmọ wa rí ní Jámánì kì í ṣe àṣà àná. Ó ti lé ní 100 ọdún. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti pọ̀ ní àwọn ìlú ńlá wọn. Èéfín bo ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ìdílé há sínú yàrá tí oòrùn kò wọ̀, ikọ́ ife sì ń pa wọ́n. Àwọn kan dìde, wọ́n ní oòrùn àti atẹ́gùn ni oògùn ara, wọ́n ní aṣọ tí ó fún mọ́ni ni kò jẹ́ kí oògùn náà dé ara. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń lọ sí inú igbó àti etí odò láti ṣe eré ìdárayá ní ìhòòhò. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Freikörperkultur, tí wọ́n gé kúrú sí FKK. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí “àṣà kí ara wà lómìnira”. Ní 1933 tí ìjọba Násì gba àkóso, àṣẹ jáde láti tẹ̀ ẹ́ rì, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà tí Jámánì pín sí méjì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, apá Ìlà-oòrùn tí ó wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múnísì ni ó ti gbilẹ̀ gan-an, ní etí òkun Baltic. Ìjọba náà kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi òfin dè é láàárín 1950 sí 1959. Àwọn ènìyàn kò gbà, òfin náà sì rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo òfin tí àwọn fúnra wọn ṣe. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bọ́ra. Ní ìlú Munich, nínú ọgbà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Englischer Garten, ìjọba ìlú ti ya àyè sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá wá wọ ọjà tàbí ọkọ̀ èrò ní ìhòòhò lè san owó ìtanràn. Ní ilé-ìwẹ̀ olóoru tí wọ́n ń pè ní sauna, ọkùnrin àti obìnrin a máa jókòó pọ̀ láìwọṣọ, ṣùgbọ́n dandan ni kí oníkálukú tẹ́ aṣọ ìnura sí abẹ́ ara rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ má baà kan pákó. Ẹni tí ó bá ń wo ẹlòmíràn láwòtúnwò, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kà á sí. Wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú tẹlifóònù alágbèéká tí ó ní kámẹ́rà wọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí sọ́kàn, a óò padà wá sórí rẹ̀.

Ní Fínlándì, ilé-ìwẹ̀ olóoru yìí ni ọkàn ìlú. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 àti ààbọ̀, síbẹ̀ sauna tí ó wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 3. Ní 2020, àjọ UNESCO kọ àṣà náà mọ́ ara ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní sauna ìta gbangba, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀ ni ó wọ́pọ̀. Ìdílé nìkan ni ó ń wọ̀ ọ́ pọ̀ nínú ilé wọn. Láyé àtijọ́, inú rẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń bímọ, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wẹ òkú, nítorí pé ibẹ̀ ni ó mọ́ jù nínú ọgbà ilé. Àgbà wọn a máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó hùwà níbẹ̀ bí ẹni tí ó wà nílé ìjọsìn. Ǹjẹ́ ẹranko ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ báyìí?

NÍGBÀ TÍ ÒYÌNBÓ PE ẸLÒMÍRÀN NÍ ALÁÌNÍTÌJÚ

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti Jàpáánì. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wọn. Onsen ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Láyé àtijọ́, ọkùnrin àti obìnrin a máa wẹ̀ pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwẹ̀ wọn, kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ní 1853 àti 1854, ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ síbẹ̀. Matthew Perry ni olórí wọn. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà yìí rí ilé-ìwẹ̀ ìlú Shimoda, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìrìn-àjò wọn pé ìwà àwọn ènìyàn náà kò bójú mu. Lẹ́yìn 1868 tí ìjọba tuntun dé ní Jàpáánì, kò fẹ́ kí òyìnbó máa fojú ará oko wo àwọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ìwẹ̀ àpapọ̀, láti ìlú Tokyo ní 1869, ó sì ń tún òfin náà ṣe léraléra nítorí pé àwọn ènìyàn kò tètè gbọ́. Lónìí, aṣọ títa méjì ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé-ìwẹ̀ náà, ọ̀kan fún ọkùnrin, èkejì fún obìnrin. Ní ìhòòhò ni wọ́n ṣì ń wọ inú omi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí kékeré kí ó fi ọṣẹ wẹ ara rẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Òyìnbó ni ó pe ará Jàpáánì ní aláìnítìjú ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn. Òyìnbó kan náà ni ó wá sí ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, tí ó ní kí àwọn ìyá wa lọ bo àyà wọn. Ṣùgbọ́n ní 1931, àwọn ará Faransé ti tẹ abúlé kan dó sí erékùṣù Levant fún àwọn tí kò fẹ́ wọṣọ. Ní 1980, ìlú Brighton ní Ìlú Ọba ya apá kan etíkun rẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn. Bí àwa bá fi ìṣe òyìnbó ṣe òṣùwọ̀n, èwo nínú òyìnbó ni á ó tẹ̀lé? Ti 1853 ni, tàbí ti òní? Àgbà ní ẹni tí yóò yáni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ ni à á wò. Òṣùwọ̀n tí ń yí padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún ẹlòmíràn. Èyí ni èsì wa fún ọmọ tí ó ní ọ̀làjú ni.

Òfin wọn náà kò dọ́gba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin 2003, kì í ṣe ìhòòhò fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀; ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ara sílẹ̀ láti fi dẹ́rù ba ẹlòmíràn tàbí láti fi bà á lọ́kàn jẹ́. Ní Scotland tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ọba kan náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stephen Gough, tí ó kọ̀ láti wọṣọ níbikíbi, lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́wọ̀n. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù, ilé-ẹjọ́ náà sì dá a lẹ́bi ní 2014.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n ni Faransé. Ní Cap d'Agde, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, odindi àdúgbò kan wà tí ènìyàn lè ti rìn ní ìhòòhò lọ ra búrẹ́dì. Òfin fàyè gbà á. Ní etí òkun kan náà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2016, ìlú Cannes àti ìlú tí ó lé ní 20 mìíràn kéde pé obìnrin kò gbọdọ̀ fi aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó bo gbogbo ara wọ òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní burkini. Ní ìlú Nice, àwòrán jáde tí àwọn ọlọ́pàá dúró lé obìnrin kan lórí ní etíkun, tí ó ń bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba, Conseil d'État, dá òfin ìlú kan nínú wọn dúró, ó ní ó tẹ òmìnira ènìyàn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ ní 2022, ilé-ẹjọ́ kan náà kò gbà fún ìlú Grenoble tí ó fẹ́ gba aṣọ náà láàyè nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba. A kò sọ èyí láti bú Faransé. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ẹni tí ó ní òmìnira ni òun ń ṣe pàápàá ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tí ó bọ́ra kò bí i nínú tó ẹni tí ó bora.

NÍGBÀ TÍ ÌHÒÒHÒ JẸ́ ẸSÌN

Àwọn kan wà tí wọ́n ń bọ́ aṣọ nítorí ẹ̀sìn. Ní Íńdíà, nínú ẹ̀sìn Jéìnì, àwọn olùfọkànsìn kan wà tí à ń pè ní Digambara, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ojú ọ̀run jẹ́ aṣọ fún. Àwọn ọkùnrin wọn tí ó bá ti dé ipò gíga kì í wọ aṣọ kankan, nítorí pé wọ́n ti kọ gbogbo ohun ìní ayé sílẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa wólẹ̀ kí wọn lójú títì. Kò sí ẹni tí ó ń pè wọ́n ní wèrè. Tí irú rẹ̀ bá jáde sí òpópónà wa níhìn-ín, ẹ mọ orúkọ tí a óò pè é.

Kí ẹ tó yọ ṣùtì sí ará Íńdíà, ẹ rántí Mẹ́kà. Kí Ìsìláàmù tó dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Lárúbáwá tí ń wá láti ìlú mìíràn ń yí Káábà po ní ìhòòhò. Ẹni tí ó bá rí aṣọ yá lọ́wọ́ àwọn Kùráíṣì ni ó ń fi aṣọ yí i. Ẹni tí kò bá rí, a bọ́ra. Kì í ṣe pé wọn kò ní ìtìjú. Ìdí tí wọ́n ní ni pé àwọn kò lè fi aṣọ tí àwọn fi dẹ́ṣẹ̀ jọ́sìn ní ilé Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí, àbí kò dùn? Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò gbà á. Ní Súrátùl-Àráfù, Ó sọ fún gbogbo ọmọ Ádámọ̀ pé Òun ni Òun sọ aṣọ kalẹ̀ fún wọn láti bo ìhòòhò wọn àti láti ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, àti pé aṣọ ìpáyà Ọlọ́hun ni ó dára jù. Ní ọdún kẹsàn-án Híjírà, tí ó bọ́ sí 631, Ànábì rán Àbúbákàrì pé kí ó ṣáájú àwọn alálàájì, ó sì rán Álíyù tẹ̀lé e. Wọ́n kéde láàárín èrò pé láti ọdún náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí Káábà po ní ìhòòhò mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọba àti tálákà, aṣọ funfun méjì tí a kò rán ni ọkùnrin gbogbo ń rọ̀ mọ́ ara.

Níbi tí òṣùwọ̀n tiwa ti wá nìyí. Kò wá láti Jámánì, kò sì wá láti Lárúbáwá, nítorí pé àṣà Lárúbáwá gan-an ni ó wá tún ṣe. Àṣà Yorùbá pàápàá kò tó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìhòòhò kì í ṣe ohun kan náà lọ́dọ̀ wa. Ìhòòhò ọmọ ọwọ́, ẹ̀rín ni. Ìhòòhò lójú ọjà, wèrè ni. Ìhòòhò ìyá àgbà tí ó mọ̀ọ́mọ̀ tú aṣọ, èpè ni. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní oṣù keje 2002, nígbà tí àwọn obìnrin Ugborodo ní ìpínlẹ̀ Delta gba ibùdó epo rọ̀bì ní Escravos, ohun ìjà tí wọ́n mú dání ni ìlérí pé àwọn yóò bọ́ra sílẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ní agbára tó báyìí, kò yẹ kí á fi ṣeré.

BALÙWẸ̀ TIWA

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Bí a bá na ìka kan sí ẹlòmíràn, ìka mẹ́ta ni ó ń kọjú sí wa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kan wà láàárín àwọn tí ń sùn nílé-ẹ̀kọ́ wa. Kò tíì pé ọdún 12. Ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà wa ní alẹ́ ròyìn fún wa pé ọmọ náà a máa jí ní aago 3 òru. A rò pé ìrun òru ni ó ń jí kí, inú wa dùn, a tilẹ̀ fi ṣe àpèjúwe fún àwọn yòókù. Ìgbà tí a fúnra wa ṣọ́ ọ ni a rí i tí ó gbé korobá, tí ó pọn omi ní kànga, tí ó lọ wẹ̀ nínú òkùnkùn. A pè é, a bi í léèrè. Ẹkún ni ó bú sí. Ó ní balùwẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ bíi mẹ́wàá ni ó ń wẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ a máa já ìró gbà lára àwọn kékeré, wọn a sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò kúrò létí wa títí di òní. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa pé ìhòòhò ọkùnrin ni láti ìdodo dé orúnkún.”

Òótọ́ ni. A kọ́ ọ. A kọ́ ọ pẹ̀lú pé Ànábì kọ̀ fún ọkùnrin láti wo ìhòòhò ọkùnrin bíi tirẹ̀, ó sì kọ̀ fún obìnrin láti wo ti obìnrin. Ọmọ náà há a sórí, ó gbà á gbọ́, àwa tí a kọ́ ọ ni a kò gbà á gbọ́ tó. Páànù tí ó jẹ́ ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ náà, ìjì ni ó ṣí i lọ, a kò sì dá a padà fún odindi sáà mẹ́ta. Láàárín sáà mẹ́ta kan náà, a kun ògiri mọ́ṣáláṣí lọ́dà, a sì ra gbohùngbohùn tuntun. Ṣé ará Jámánì ni kò ní ìtìjú, tàbí àwa?

A ti ṣe ìlẹ̀kùn náà báyìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn nìkan kò tó. Ìdí nìyí tí a fi ń mú àwọn àbá wọ̀nyí wá síwájú yín.

Èkínní, kí gbogbo ilé-kéwú àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń sùn sí ka ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ kún ara ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Yàrá kan, ọmọ kan. Bí owó kò bá tó, kí á fi ẹní tàbí àpò sìmẹ́ńtì dí ojú rẹ̀ títí owó yóò fi dé.

Èkejì, kí olùkọ́ tàbí àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe bọ́ aṣọ lára ọmọ láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ọmọ lè gbàgbé ẹgba. Ọjọ́ tí a bọ́ ọ síta lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní gbàgbé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn tí a ń pè ní aláìnítìjú ní Jámánì kò jẹ́ kí tẹlifóònù wọ ibi tí wọ́n ti bọ́ra. Àwa tí a ń pe ara wa ní olùtìjú, àwọn ọmọ wa ń ya àwòrán ara wọn nínú balùwẹ̀, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Aṣọ tí ó bọ́ lára ẹni a ṣeé wọ̀ padà. Àwòrán tí ó ti jáde, ta ni yóò kó o jọ? Kí tẹlifóònù má ṣe wọ balùwẹ̀ àti yàrá ìwọṣọ mọ́. Kí ẹ̀yin òbí máa wo ohun tí ó wà nínú tẹlifóònù tí ẹ rà fún ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ní kí ọmọ ya ara rẹ̀ fún òun, kí ọmọ náà sọ fún òbí tàbí olùkọ́ láìbẹ̀rù, kí á má sì ṣe dá ọmọ lẹ́bi fún ohun tí àgbà ṣe sí i.

Ẹ̀kẹrin, nínú ilé, kí á kọ́ ọmọ láti kan ìlẹ̀kùn. Súrátù Nnúúr dárúkọ ìgbà mẹ́ta tí ọmọ gbọdọ̀ gba àṣẹ kí ó tó wọlé tọ òbí: kí ìrun àárọ̀ tó tó, ọ̀sán tí a bá bọ́ aṣọ sinmi, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Súrà kan náà ni ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n rẹ ojú wọn sílẹ̀, kí ó tó wá bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fi gbogbo ọ̀rọ̀ ìtìjú sí orí ìbòrí obìnrin. Ojú tiyín ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìkarùn-ún wà fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ óò lọ sí òkè òkun, àti ẹ̀yin ẹbí wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ ọ, nítorí pé omi kì í mọ orúkọ ẹni. Ẹ ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó bo ara fún un, ẹ sì fi sùúrù àti ọ̀rọ̀ tútù bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ní Jàpáánì, àwọn ilé-ìwẹ̀ kan wà tí wọ́n ń yá ènìyàn ní yàrá tirẹ̀ nìkan. Ibi tí ẹ bá ti bá ìhòòhò pàdé, ẹ rẹ ojú sílẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ má bú wọn, ẹ má yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ má sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí ẹ kò fi bọ́ra, ẹ dá wọn lóhùn láìtijú. Ẹni tí ó mọ ìdí tí òun fi ń ṣe nǹkan kì í bínú sí ìbéèrè.

Ọmọ kékeré tí ó béèrè ìbéèrè lẹ́yìn Àsárì ọjọ́ sí, èsì rẹ nìyí. Wọ́n ní ìtìjú. Ibi tí àṣà wọn fi í sí kì í ṣe ibi tí Ọlọ́hun ní kí àwa fi tiwa sí. Ẹnì kan bi Ànábì léèrè nígbà kan pé bí ènìyàn bá dá wà ńkọ́, tí kò sí ẹni tí ń wò ó? Èsì tí Ànábì fún un ni pé Ọlọ́hun ni ó tọ́ jù kí á máa tijú Rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a bá kú, a kò ní lè fi ọwọ́ ara wa bo ara wa mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ni yóò tẹ́ wa sórí pákó, tí wọn yóò bomi lé wa lórí. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti wẹ òkú rí mọ̀ ọ́n: kí omi tó kan ara, a óò kọ́kọ́ ta aṣọ bò ó láti ìdodo dé orúnkún, abẹ́ aṣọ náà ni ọwọ́ yóò sì gbà wẹ̀ ẹ́. Òkú tí kò mọ̀ mọ́ ni a ń bò tó bẹ́ẹ̀. Kí ni ó wá dé tí a kò ní bo ọmọ tí ó wà láàyè, tí ó ń jí wẹ̀ ní aago 3 òru?

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa láyé, kí Ó bò ó lọ́run. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí á di ẹni ìtúsíta lójú ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Kí Ó fi aṣọ ìpáyà Rẹ̀ wọ̀ wá, àmín.